Owó Ibodè Ìwé: Ìtàn Òǹtẹ̀ Ìjọba àti Àtúnṣe Ìwé Àdéhùn Àjọṣòwò

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà; wọ́n sì tún ní àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Òwe méjèèjì yìí ni a máa ń pa lọ́jọ́ tí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta bá fẹ́ da owó pọ̀ láti ṣòwò. Ṣùgbọ́n òwe kan wà tí a kì í sábà rántí lọ́jọ́ ayọ̀ bẹ́ẹ̀, èyí ni pé ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu tí a fi dá òwò sílẹ̀ lè fọ́ lọ́jọ́ tí èrè bá pọ̀. Ó lè fọ́ lọ́jọ́ tí gbèsè bá dé. Èyí tí ó burú jù ni pé ó lè fọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn tí ó sọ ọ́ bá kú, tí kò sì sí ẹni tí yóò lọ sí ọ̀run lọ pè é wá kí ó wá jẹ́rìí.

Nítorí èyí ni àwọn ọ̀làjú oníṣòwò fi ń kọ àdéhùn wọn sínú ìwé. Nígbà tí wọ́n bá sì kọ ọ́ tán, ìjọba a ní kí wọ́n mú un wá kí a lù ú lóǹtẹ̀, kí wọ́n sì san owó. Bí wọ́n bá tún yí àdéhùn náà padà lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìjọba a tún ní kí wọ́n mú ìwé àtúnṣe náà wá, kí wọ́n sì tún san owó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń bínú sí èyí. Wọ́n ń béèrè pé: kí ni ó kan ìjọba nínú tákàdá tí ènìyàn méjì fi ọwọ́ ara wọn kọ, tí wọ́n sì fi owó ara wọn rà? Ìbéèrè náà tọ́, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn. Ìtàn nìkan ni ó lè bá wa dá a lóhùn dáadáa, nítorí pé òfin tí a kò bá mọ orísun rẹ̀, bí èèwọ̀ ni ó ń rí lójú ẹni.

Àjọṣe Láyé Àwọn Baba Wa

Kì í ṣe Òyìnbó ni ó kọ́ wa ní àjọṣe. Kí wọ́n tó dé ni àwọn àgbẹ̀ wa ti ń ṣe àárò, tí wọ́n ń ti oko ẹnìkan bọ́ sí oko ẹnìkejì títí yóò fi kárí. Wọ́n ń bẹ ọ̀wẹ̀, tí ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ fún a pe ẹbí àti àna jọ, a sì wá oúnjẹ fún wọn. Àwọn ọlọ́jà ń dá èésú. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, sọ̀rọ̀ nípa èésú yìí gẹ́gẹ́ bí àṣà tí ó kárí ilẹ̀ wa. Nígbà tí ó yá, àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ láwìn kiri ìlú, tí a ń pè ní òṣómàáló, fi hàn pé ọmọ Yorùbá lè fi ọjà rán ẹni tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀, kí ó sì tún padà wá gba owó rẹ̀ níbi tí ó gbé lóṣòó.

Kí ni ẹ̀rí àdéhùn nígbà náà? Ojú àgbà ni, àti obì, àti ilẹ̀ tí a jọ mu. Bí ọ̀rọ̀ bá jìnnà, àrokò ni a fi ń ránṣẹ́. Ìwé àwọn baba wa ni orí àwọn ẹlẹ́rìí. Bí a bá sì fẹ́ yí àdéhùn padà, ó di dandan kí a tún pe àwọn ẹlẹ́rìí náà jọ kí wọ́n lè fi etí ara wọn gbọ́ ohun tí ó yí. Ẹni tí ó bá dá nìkan yí i padà ní ìkọ̀kọ̀, ọ̀dàlẹ̀ ni.

Ohun kan tún wà tí a gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn. Ní ẹnu ibodè ìlú wa, oníbodè wà níbẹ̀. Bí àwọn aláàárù àti àwọn àlájàpá bá dé, wọn a san owó ibodè kí ẹrù wọn tó kọjá. Oníbodè kò bá wọn ra ọjà, kò sì bá wọn ru ẹrù. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá san owó ibodè ti gba àyè. Ìlú mọ̀ pé ó wọlé, bí ẹnikẹ́ni bá sì yọ ọ́ lẹ́nu nínú ọjà, ó ní ibi tí yóò ké sí. Ẹni tí ó bá gba ẹ̀bùrú wọlé jẹ èrè owó ibodè lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá jà á lólè, kò ní ẹnu láti fi sọ ọ́. Bí òǹtẹ̀ ìjọba ṣe rí lára ìwé nìyí gẹ́lẹ́. Owó ibodè ìwé ni.

Bí Òǹtẹ̀ Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní ilẹ̀ Họ́láńdì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó òǹtẹ̀ ní 1624. Ní àkókò náà, àwọn ará Họ́láńdì ń bá ọba Spéènì jagun òmìnira, owó ogun sì ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Wọ́n ti gbé owó-orí lé ohun gbogbo tí ojú rí, àwọn ará ìlú sì ti ń kùn. Wọ́n wá ọ̀nà tí a fi lè gba owó láìjẹ́ pé ó dun ẹni tí ó ń san án jù, ni wọ́n bá rí i pé tákàdá tí a fi ń kọ àdéhùn, ìwé ilẹ̀ àti ìwé gbèsè ni ó yẹ kí a lù lóǹtẹ̀.

Ọgbọ́n náà tàn kálẹ̀ kíákíá. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 1694, ó di òfin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ Ọba William Kẹta àti Ayaba Mary Kejì. Àwọn náà ń jagun. Faransé ni wọ́n ń bá jà. Ọdún mẹ́rin péré ni òfin náà sọ pé a ó fi gba owó yìí. Ẹ̀yin òǹkàwé, ọdún mẹ́rin náà kò tíì pé títí di òní. Ogun náà parí ní 1697, àwọn tí ó jà á sì ti di erùpẹ̀, ṣùgbọ́n owó òǹtẹ̀ kò lọ. Èyí yẹ kí ó kọ́ wa pé owó tí ìjọba bá kọ́ láti gbà, ó ṣòro kí ó tó gbàgbé rẹ̀.

Kí ni ó mú kí owó-orí yìí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ìdí rẹ̀ ni pé ìjọba kò ní láti lé ẹnikẹ́ni kiri nítorí rẹ̀. Kò sí ẹmẹ̀wà tí ń kan ilẹ̀kùn, kò sì sí àwọn tí ń ka orí ènìyàn lójúde. Ohun kan ṣoṣo ni òfin sọ: ìwé tí a kò bá lù lóǹtẹ̀, ilé-ẹjọ́ kò ní wò ó. Nítorí náà, ẹni tí ó ni ìwé ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, nítorí pé kò mọ ọjọ́ tí ìjà yóò dé. Ìbẹ̀rù ọ̀la ni agbowó-orí náà.

Òǹtẹ̀ Tí Ó Dá Ìjà Sílẹ̀

A kò gbọ́dọ̀ rò pé ibi gbogbo ni wọ́n ti gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ní ọdún 1712, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé òǹtẹ̀ dé orí ìwé ìròyìn, tí ó fi jẹ́ pé ìwé ìròyìn wọ́n kọjá agbára tálákà. Ọdún 1855 ni a tó mú àjàgà náà kúrò. Ní oṣù kẹta ọdún 1765, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù gbé òǹtẹ̀ lé àwọn ará Amẹ́ríkà lórí. Gbogbo ìwé òfin, ìwé ìròyìn, títí kan káàdì tí a fi ń ta tẹ́tẹ́, ni òǹtẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Àwọn ará Amẹ́ríkà fárígá. Wọ́n ní a kò lè gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀ tí ó ṣe òfin. Wọ́n kọ̀ láti ra ọjà Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì dẹ́rù ba àwọn tí a yàn láti ta òǹtẹ̀ títí wọ́n fi kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1766, Lọ́ńdọ̀nù fagi lé òfin náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́; kí ọdún mọ́kànlá mìíràn tó kọjá, Amẹ́ríkà ti sọ pé òun kò sí lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì mọ́.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe iye owó náà ni ó bí wọn nínú jù. Ohun tí ó bí wọn nínú ni pé a kò bi wọ́n léèrè.

Bí Ó Ṣe Dé Ọ̀dọ̀ Wa

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú ti Èkó fi ọwọ́ sí ìwé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi gba ìlú rẹ̀. Ìwé ni ó gba Èkó, ìwé ni ó sì tẹ̀lé e. Ní 1863, a sọ pé òfin Gẹ̀ẹ́sì di òfin Èkó. Lẹ́yìn ìdàpọ̀ 1914, a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn òfin gbogbogbòò tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1900 ni a ó máa lò ní Nàìjíríà. Báyìí ni Òfin Àjọṣòwò ti ọdún 1890, tí Sir Frederick Pollock kọ fún àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe di òfin lórí àwọn tí ń ta obì àti epo ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí ó di òpin àwọn ọdún 1950, Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ṣe Òfin Àjọṣòwò tirẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán ti 1890 náà ni. Ẹkùn Àríwá kò ṣe bẹ́ẹ̀; nítorí náà, àwọn Yorùbá tí ó wà ní apá Ìlọrin, Ọ̀fà àti Kàbà ń bá òfin ti Lọ́ńdọ̀nù gan-an lọ. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n bí oníṣòwò Ọ̀fà bá lọ sí Ìkìrun, òfin tí ó bá níbẹ̀ ní orúkọ mìíràn.

Ní ti owó òǹtẹ̀, òfin tí a mọ̀ jù ni ti ọdún 1939, ní àkókò Gómìnà Bernard Bourdillon. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, oṣù márùn-ún péré kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ́ sílẹ̀. Òfin yìí bá wa la ìgbà Gẹ̀ẹ́sì kọjá, ó bá wa la òmìnira 1960 kọjá, ó bá wa la àyípadà owó láti pọ́n-ùn sí náírà ní oṣù kìn-ín-ní 1973 kọjá. Ìpín méjì ni ó pín owó náà sí. Àwọn ìwé kan wà tí a ń san iye kan pàtó lé lórí, ì báà ṣe owó kékeré tàbí owó ńlá ni ó wà nínú wọn. Àwọn mìíràn wà tí owó òǹtẹ̀ wọn ń tẹ̀lé ìwọ̀n owó tí ìwé náà dárúkọ. Fún ti àkọ́kọ́, òfin 1939 fún ẹni tí ó ni ìwé ní ogójì ọjọ́ láti ìgbà tí a bá ti fi ọwọ́ sí i. Fún ti èkejì, ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí ọjọ́ kọjá yóò san ìtanràn kún un.

Ọ̀nà tí a sì gbà pín owó náà láàárín àwọn ìjọba yẹ kí a mọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé láàárín ẹnìkan sí ẹnìkejì ni ìwé wà, iléeṣẹ́ owó-orí ìpínlẹ̀ ni ó ń lù ú lóǹtẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ tí òfin dá sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni bá wà nínú àwọn tí ó fi ọwọ́ sí i, ti Ìjọba Àpapọ̀ ni. Nítorí náà, ìwé àdéhùn àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí ń ṣòwò pọ̀, ìpínlẹ̀ ni ó ni ín. Nínú òfin owó-orí tí a ṣe fún 2019, a fi kún un pé òǹtẹ̀ lè jẹ́ ti ẹ̀rọ, kì í ṣe ti irin tí a fi ń tẹ tákàdá nìkan. Ní oṣù kẹfà 2025, Ààrẹ fi ọwọ́ sí Òfin Owó-orí Nàìjíríà titun, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 2026. Òfin yìí kó owó òǹtẹ̀ mọ́ra, ó sì rọ́pò ti 1939. Orúkọ yí padà. Owó ibodè ìwé ṣì wà.

Àdéhùn Kì í Dúró Lójú Kan

Ọmọ tuntun kì í wọ aṣọ ìkókó títí di àgbà. Bẹ́ẹ̀ ni àdéhùn òwò. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí ìtàn kò lè gbàgbé. James Watt, ará Skọ́tìláńdì, ni ó tún ẹ̀rọ tí ń lo ooru omi ṣe, tí ó sì gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní 1769. Alájọṣòwò rẹ̀ àkọ́kọ́ ni John Roebuck, ẹni tí ó ní ìdá méjì nínú mẹ́ta. Roebuck jẹ gbèsè títí ó fi wọ́lẹ̀ ní 1773, ìpín rẹ̀ sì bọ́ sí ọwọ́ Matthew Boulton tí ó jẹ lówó. Ní 1775, Watt àti Boulton bẹ̀rẹ̀ àjọṣe tí yóò gba ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n: Boulton yóò máa ná owó, ìdá méjì nínú mẹ́ta sì ni tirẹ̀; Watt yóò máa ṣe ọgbọ́n, ìdá kan ni tirẹ̀. Ní 1794, àwọn ọmọ wọn wọlé sínú òwò náà. Nígbà tí ó fi di 1800 tí ọdún pé, àwọn àgbà yọ ọwọ́, àwọn ọmọ sì gbà á. Òwò kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ẹ wo iye ìgbà tí ìpín àti orúkọ yí. Bí wọ́n bá ti fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe é ni, ta ni ìbá mọ ibi tí ìdá ẹnìkan parí sí?

Kí ni òfin 1890 sọ nípa àyípadà? Ó ní ẹ̀tọ́ àti ojúṣe àwọn alájọṣòwò sí ara wọn ṣeé yí padà bí gbogbo wọn bá fohùn ṣọ̀kan. Ìfohùnṣọ̀kan náà lè jẹ́ ti ẹnu tàbí ti ìwé; a sì tún lè mọ̀ ọ́n láti inú bí wọ́n ti ń ṣe é bọ̀. Ó ní bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, ìpín gbogbo wọn dọ́gba nínú èrè àti nínú àdánù. Ó ní a kò lè mú ẹni titun wọlé láìjẹ́ pé gbogbo wọn gbà. Ó ní àwọn tí ó pọ̀ jù kò lè lé ẹnìkan jáde, àfi bí wọ́n bá ti kọ agbára bẹ́ẹ̀ sínú àdéhùn wọn. Ó ní bí ọ̀kan bá kú, àjọṣe náà tú ká, àfi bí àdéhùn bá sọ pé kò ní tú. Ó sì ní ẹni tí ó bá jáde kò bọ́ nínú gbèsè tí ó ti wà kí ó tó jáde. Àwọn oníbàárà àtijọ́ tí a kò sì sọ fún pé ó ti jáde ṣì lè máa mú un.

Ẹ wo gbólóhùn kékeré tí ń padà wá léraléra nínú àwọn òfin wọ̀nyí: "àfi bí àdéhùn bá sọ." Nínú gbólóhùn náà ni ẹ̀mí ọ̀rọ̀ yìí wà. Òfin fi àyè sílẹ̀ fún wa láti ṣe òfin tiwa. Bí a kò bá sì lo àyè náà, òfin Pollock ni yóò pín ogún wa.

Lágbájá àti Tàmẹ̀dò

Ẹ jẹ́ kí a pa á ní àlọ́, nítorí pé irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ ní ilé púpọ̀. Lágbájá àti Tàmẹ̀dò da owó pọ̀, wọ́n ra ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ń kó iṣu lọ sí Èkó. Agbẹjọ́rò bá wọn kọ ìwé: ìdajì fún ẹnìkan, ìdajì fún ẹnìkejì. Wọ́n lù ú lóǹtẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, Tàmẹ̀dò ta ilẹ̀ baba rẹ̀, ó fi owó náà ra ọkọ̀ kejì sínú òwò. Àwọn méjèèjì jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gbà pé láti ìgbà náà lọ, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ti Tàmẹ̀dò, ìdá kan ni ti Lágbájá. Wọ́n ya ewé kan nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé, wọ́n kọ ọ́, wọ́n fi ọwọ́ sí i. Tàmẹ̀dò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí á gbé e fún lọ́yà kí wọ́n lù ú lóǹtẹ̀?" Lágbájá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbúrò, ṣé èmi àti ìwọ ni a ó máa san owó fún ìjọba kí a tó gba ara wa gbọ́?" Ewé náà wọ inú àpótí.

Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi pín èrè bẹ́ẹ̀, kò sí ìjà. Nígbà tí ó ṣe, Tàmẹ̀dò kú lójijì. Opó rẹ̀ ṣí àpótí, ó rí ewé náà, ó gbé e lọ bá Lágbájá. Lágbájá ní òun kò rántí. Ó ní ìwé tí òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀ ni òun mọ̀, ìdajì-ìdajì ni ó sì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́. Agbẹjọ́rò Lágbájá dìde, ó ní adájọ́ kò lè wo ewé náà, nítorí pé a kò lù ú lóǹtẹ̀. Òótọ́ ni ó sọ. A ní kí opó náà lọ san owó òǹtẹ̀ àti ìtanràn kí a tó lè gbà á wọlé. Ó wá owó, ó san án. Wọ́n tún béèrè pé ta ni ẹlẹ́rìí tí ó wà níbẹ̀. Kò sí. Wọ́n ní kí ó mú ìwé ìṣirò èrè ọdún mẹ́fà wá, kí a lè fi ìṣe wọn mọ ìfohùnṣọ̀kan wọn. Ọwọ́ Lágbájá ni ìwé ìṣirò wà.

Ó ṣeé ṣe kí opó náà rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà níkẹyìn, nítorí pé òfin kò dítí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹjọ́ yóò fi parí, ọkọ̀ méjèèjì ti jẹrà síbi tí wọ́n gbé wọn sí, àwọn ọmọ ti kúrò níléèwé, ọmọ ìyá ti di ọ̀tá. Iye tí wọn ìbá san ní ọjọ́ kìn-ín-ní kò tó owó tí opó náà fi wọ ọkọ̀ lọ sí kóòtù. Lágbájá kì í ṣe ènìyàn búburú ní alẹ́ ọjọ́ tí ó rẹ́rìn-ín. Ikú ni ó yí i padà, àti owó. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé owó kò mọ ọ̀rẹ́.

Bí A Ṣe Ń Tún Àdéhùn Ṣe

Àwọn mìíràn rò pé bí a bá fẹ́ tún àdéhùn ṣe, kí a kàn mú kálàmù, kí a pa ohun àtijọ́ rẹ́, kí a kọ titun sí orí rẹ̀. Àṣìṣe ńlá ni èyí. Láti ìgbà ẹjọ́ tí a mọ̀ sí ẹjọ́ Pigot, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1614, ni àwọn adájọ́ ti sọ pé ìwé àdéhùn tí ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá fúnra rẹ̀ yí padà níbi tí ó ṣe pàtàkì, ó ti bà á jẹ́. Bí gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn bá sì gbà pé kí a yí i, ìwé titun ni ó dà lójú òfin. Òǹtẹ̀ àtijọ́ kò bò ó mọ́lẹ̀ mọ́. Ìdáhùn sí ìbéèrè wa nìyí, pé kí ló dé tí a fi ń san owó lẹ́ẹ̀kejì. Òǹtẹ̀ kò wà fún òwò náà, kò sì wà fún àwọn ènìyàn náà. Ìwé ni ó wà fún. Ẹrù titun ti dé ẹnu ibodè.

Ọ̀nà tí ó tọ́ kò le. Lákọ̀ọ́kọ́, kí a ka ìwé àtijọ́ láti rí bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ní kí a máa tún òun ṣe. Lẹ́yìn èyí, kí gbogbo alájọṣòwò jókòó, kí wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan. Kí a kọ ìwé àtúnṣe tí yóò dárúkọ ìwé àtijọ́ àti ọjọ́ rẹ̀, tí yóò sọ abala tí ó yí, tí yóò kọ ọ̀rọ̀ titun sí ipò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ, tí yóò sì sọ gbangba pé ohun gbogbo yòókù dúró bí ó ti wà. Kí a kọ ọjọ́ tí àtúnṣe náà bẹ̀rẹ̀. Kí gbogbo wọn fi ọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí tí kò ní ìpín nínú òwò náà. Kí a gbé e lọ sí iléeṣẹ́ owó-orí ìpínlẹ̀ kí ọjọ́ tó kọjá, kí a béèrè iye owó rẹ̀, kí a san án, kí a sì gba ìwé ẹ̀rí. Kí olúkúlùkù mú ẹ̀dà tirẹ̀ lọ sílé, kí aya àti àwọn ọmọ sì mọ ibi tí ó wà.

Bí ó bá jẹ́ pé òwò náà ní orúkọ tí a ti fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, tí ẹnìkan sì wọlé tàbí tí ẹnìkan jáde, kí a sọ fún wọn níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti 1961 ni òfin ìforúkọsílẹ̀ òwò ti wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Lẹ́yìn òfin ilé-iṣẹ́ ti 1990, àjọ CAC ni ó gba iṣẹ́ náà, òfin 2020 sì wà lórí rẹ̀ lónìí. Kí a sì má ṣe gbàgbé láti kọ̀wé sí àwọn oníbàárà, kí ẹni tí ó ti jáde má baà máa san gbèsè tí kò jẹ.

Ìkádìí

A ti rí i pé inú ogun ni a ti bí owó òǹtẹ̀, àti pé ọdún mẹ́rin tí wọ́n ṣèlérí rẹ̀ ti di ohun tí ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Ẹni tí ó bá pè é ní ọgbọ́n agbowó kò purọ́. A sì ti rí i pé láìsí i, ìwé tí a fi òtítọ́ kọ lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹjọ́ bí àlejò tí kò san owó ibodè. Ẹni tí ó bá pè é ní ààbò náà kò purọ́. Ohun tí ó kù sí ọwọ́ wa ni pé kí a bi àwọn aṣòfin wa léèrè bí wọ́n ti ń ná an, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Amẹ́ríkà ti bi Lọ́ńdọ̀nù léèrè, kí a sì máa san èyí tí ó tọ́ ní àkókò rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò padà sí ìlú yín gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ẹ̀yin ni ọlọ́jà yóò wá bá pé kí ẹ bá òun ka ìwé, kí ẹ bá òun kọ ìwé. Bí bàbá kan tàbí ìyá kan bá gbé ewé tí a ya nínú ìwé ọmọdé wá, tí ó ní àdéhùn òun àti ọ̀rẹ́ òun ni, ẹ má ṣe kà á fún un kí ẹ sì dá a padà lásán. Ẹ bi í pé: "Bàbá, òǹtẹ̀ rẹ̀ dà?" Ìbéèrè kékeré náà lè gba opó kan sílẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Ìgbẹ́kẹ̀lé kì í ṣe ohun tí òǹtẹ̀ ń bàjẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn alájọṣòwò rẹ̀ ni kì í fi í sílẹ̀ fún ìrántí ara rẹ̀ nìkan.